Ẹ Bi Ìwọ̀n Léèrè: Gúlókómà àti Ìwòsàn Ojú Àwọn Ará Íńdíà

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í yọ ìgò oògùn Íńdíà jáde lápò níwájú mi. Àwọn kan rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ àwọn mìíràn ló fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, àwọn díẹ̀ sì wà tí wọ́n tìtorí iṣẹ́ abẹ ọkàn tàbí kíndìnrín lọ sí Chennai, tí wọ́n wá gba oògùn ojú bọ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, tó wà lẹ́bàá ilé tí wọ́n dé sí. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: "Dókítà, ṣé èyí ò ní wo gúlókómà mi?" Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá wọn lóhùn. Mélòó ni ìfúnpá inú ojú yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó? Mélòó ló jẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì? Wọ́n á wò mí. Wọ́n á ní, "Ojú mi ti fúyẹ́." Mo gbà pé ojú wọn fúyẹ́. Àmọ́ ìwọ̀n ni mo bi léèrè.

Mi ò sọ èyí láti tàbùkù ìṣègùn ìbílẹ̀. Ọjà Bódè n'Ìbàdàn ni ìyá ìyá mi ti ta ewé àti egbò títí tó fi darúgbó. Owó lékuléja ló fi rán ìyá mi nílé ìwé. Nígbà tí èmi náà lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ ojú sí i ní Madurai, ní gúúsù Íńdíà, mo fi àkókò ìsinmi mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kerala, kí n lè fojú ara mi rí ohun tí àwọn oníṣègùn Ayurveda ń ṣe sí ojú. Màá ròyìn ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú àìsàn tí à ń bá fà á.

Omi kan wà nínú ojú tí kò bá omijé tan. Ojú fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó ń ṣàn níwájú inú ojú lọ́hùn-ún, ó ń bọ́ àwọn ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé, ó sì ń gba àwọn ihò tín-ín-rín jáde ní igun tí dígí ojú ti pàdé awọ dúdú inú rẹ̀. Bí ojú kòtò bá dí tí ẹnikẹ́ni kò sì ti ẹ̀rọ omi, gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbàlá. Báyìí náà ni ìfúnpá inú ojú ṣe ń lọ sókè. Ẹ̀yìn ojú ló ti ń ṣọṣẹ́ jù. Iṣan ìríran, tí í ṣe okùn tín-ín-rín bíi mílíọ̀nù kan tí a dì pọ̀, ló ń gbé gbogbo ohun tí ojú bá rí lọ sínú ọpọlọ. Ìfúnpá yìí á máa pa àwọn okùn ọ̀hún díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti kú, ó kú náà nìyẹn. Kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí gilaasi tó ń jí i. Gúlókómà nìyẹn.

Lórí ìwọ̀n tí a ń lò, ojú tí kò ní wàhálà sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21. Mo ní kó yé yín pé nọ́ńbà yìí nìkan kò tó láti dájọ́. Mo mọ àwọn tó ń gbé 24 kiri láti ọdún pípẹ́ tí iṣan wọn kò ní àbàwọ́n, mo sì mọ àwọn tí 17 ń jẹ lójú tán. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ wo iṣan náà fúnra rẹ̀, kí a sì dán gbogbo àyíká ìríran wò.

Ohun tó mú kí àìsàn yìí burú ni pé kì í dunni. Etí ìríran ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó sì máa ń fi àárín sílẹ̀ títí dé ìparí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà tó wá sọ́dọ̀ mi nítorí gilaasi ìwé kíkà. Kò ní ẹjọ́ mìíràn. Ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ló sọ ọ́ bí ẹni ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bàbá ti ń fọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ ní àfọ́túnfọ́. Mo gbé bàbá sídìí ẹ̀rọ tí a fi ń dán àyíká ìríran wò. Abọ́ ńlá funfun kan ni, èèyàn á kojú sí i, á tẹjú mọ́ àárín, iná wẹ́wẹ́ á máa tàn níbí, á máa tàn lọ́hùn-ún, ẹni tó bá sì rí iná á tẹ bọ́tìnnì. Bàbá tẹ ẹ́ díẹ̀, ó dákẹ́. Mo dúró sẹ́yìn, mò ń wo iná tó ń tàn lápá ọ̀tún, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ọwọ́ bàbá ò mì. Nígbà tó yá, ó yọrí sí mi, ó ní, "Dókítà, ẹ̀rọ yín ti kú ni?" Ẹ̀rọ ò kú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, bàbá yìí ti fi ọkọ̀ kó èrò láti Ìwó Road dé Ọ̀ṣogbo. Àwọn àgbà ní ojú mẹ́wàá ò jọ ojú ẹni. Nínú gúlókómà, ojú ẹni gan-an ló ń parọ́ fún ẹni.

Oríṣi mìíràn wà o, èyí tó ń pariwo. Igun tí omi ń gbà jáde á pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, ojú á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀fọ́rí á gbá apá kan orí mú, aláìsàn á máa bì, iná á máa ní òṣùmàrè lójú rẹ̀. Láàárín wa, kò wọ́pọ̀. Láàárín àwọn ará Éṣíà, ó wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí sì ṣe pàtàkì fún ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìwé àwọn ará Íńdíà.

Ìwé tí wọ́n ń pè ní Sushruta Samhita ti wà láti ayé àtijọ́, èdè Sanskrit ni wọ́n fi kọ ọ́. Àrùn ojú 76 ló kà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ẹ̀ka ìṣègùn kan tí ojú, etí, imú àti ọ̀fun wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àrùn ojú yẹn ni adhimantha. Ìwé náà ní yóò máa ṣe aláìsàn bíi pé wọ́n ń fa ojú rẹ̀ tu, bíi pé wọ́n ń ro ó, ìrora náà á sì gba ìdajì orí. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ohun inú ara tí wọ́n gbà pé ó fà á, ó sì dá gbèdéke fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó ti ara kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá á fọ́ ojú láàárín òru 7, ti afẹ́fẹ́ láàárín 6, ti ẹ̀jẹ̀ láàárín 5, ti òróòro ní kíá bí wọ́n bá ṣi ìtọ́jú rẹ̀ ṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti òróòro sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó kọ èyí ti jókòó ti aláìsàn, ó ti ka òru pẹ̀lú wọn. Mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ ní Madurai ju bí mo ṣe rí i ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nílé, mo sì mọ̀ pé bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Ojú ń fọ́ níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n gúlókómà ti bàbá awakọ̀ yẹn, èyí tí kì í ké, tí kì í pọ́n, kò sí nínú ìwé yẹn, kò sì lè sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ojú ni ẹ̀rí rẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni kò sì rí ẹ̀yìn ojú ẹni tó wà láàyè títí di ọdún 1851, nígbà tí Hermann von Helmholtz ará Jámánì ṣe awò tó ń tan iná gba inú ọmọlójú kọjá. Ohun tí a kò rí, a kò lè sọ orúkọ rẹ̀. Àwọn Gíríìkì ò mọ̀ ọ́n, àwọn ará Íńdíà ò mọ̀ ọ́n, àwọn baba wa ò mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá gbé ìgò wá, tó ní oògùn ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan nìyí fún gúlókómà tí kì í dunni, ọ̀rọ̀ tuntun ló ń sọ, ó kàn fi aṣọ àtijọ́ bò ó ni.

Ní Kerala, èyí tó wù mí jù láti wò ni ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní tarpana. Obìnrin kan dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn igi, ó kojú sókè. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti po ìyẹ̀fun ẹ̀wà dúdú kékeré kan tí wọ́n ní níbẹ̀, ó pò ó le bí àkàrà tí kò tíì wọ epo, ó yí i, ó sì mọ ọ́n bí odi yípo ojú obìnrin náà, ó ga tó ìka méjì. Ó fi omi gba etí rẹ̀ kí ó má baà jò. Bọ́tà màlúù tí wọ́n ti yọ́, tí wọ́n sì ti fi èso igi sè, wà nínú abọ́ kan tí wọ́n gbé lé omi gbígbóná. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò bí ìyá ṣe ń tọ́ ẹ̀kọ ọmọ wò, ó wá rọra dà á sínú odi náà títí ó fi bo irun ìpéǹpéjú mọ́lẹ̀. Obìnrin náà wá ń la ojú, ó ń pa á dé nínú bọ́tà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá ihò sí igun odi, bọ́tà ṣàn jáde, wọ́n nù ún nù, wọ́n sì ní kó má tíì wo oòrùn.

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó dìde. Ó ní ojú òun tutù. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé mo mọ ìdí rẹ̀: gúlókómà ló ní, oògùn kíkán ló sì ń lò láti ọdún pípẹ́, oògùn wọ̀nyẹn a sì máa gbẹ ojú, wọ́n a máa ta. Ọ̀rá á mú ojú gbígbẹ rọ̀. Mo wá bi oníṣègùn náà bóyá ó sọ fún un pé kó fi oògùn kíkán sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ní òun ń wọ̀n ọ́n fún gbogbo ẹni tó bá wá, àti pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n tó sì ń bì, ọsíbítù ni òun ń fi ọkọ̀ gbé e lọ ní wàrà-wàrà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Àwọn tó ń ta ìgò ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èso mẹ́ta tí wọ́n sè mọ́ bọ́tà yẹn ni wọ́n ń pè ní triphala. Méjì nínú wọn jẹ́ ìbátan igi ìdí tí a fi ń rin ẹnu àti igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn ilé ìwé gbogbo. Egbò mìíràn tí wọ́n ń lò fún ojú ni punarnava. Nígbà tí wọ́n fi ewéko rẹ̀ hàn mí lójú ọ̀nà, ètìpọ́nlá ni, ètìpọ́nlá tí ìyá ìyá mi dì ní ìdì-ìdì tà ní Bódè. Ewé rere ni gbogbo wọn, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti wúlò. Àmọ́ kò tíì sí àyẹ̀wò kan tí a lè gbọ́kàn lé tó fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn ń mú ìfúnpá ojú wálẹ̀, kí ó sì dúró síbẹ̀ fún ọdún, bí oògùn kíkán ṣe ń ṣe. Bí ojú ṣe tutù yẹn dára. A kì í sì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ewé kì í ṣe ọ̀tá mi. Oògùn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún gúlókómà ní gbogbo ayé, ilẹ̀ wa ló ti jáde. Àwọn Efik ní Calabar ní èso ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń fún mu. Tó bá bì í, ó mọ́. Tó bá kú, ó jẹ̀bi. Àwọn òyìnbó gbé èso yìí dé Edinburgh, ní 1862 Thomas Fraser sì rí i pé ó ń mú kí ọmọlójú sún kì. Ní 1876, Ludwig Laqueur, dókítà ojú tí gúlókómà ń bá òun gan-an jà, lo oògùn tí wọ́n yọ láti inú rẹ̀, ìfúnpá sì wálẹ̀. Láìpẹ́ sí ìgbà yẹn ni wọ́n tún rí pilocarpine láti inú ewé jaborandi ilẹ̀ Brazil. Títí di òní mò ń kọ ọ́ fún aláìsàn. Ní Íńdíà fúnra rẹ̀, wọ́n yọ forskolin láti inú ewéko Coleus, wọ́n sì dán an wò lójú èèyàn ní nǹkan bí 1983. Májèlé tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ àjẹ́ di oògùn ojú nítorí pé ẹnìkan wọ̀n ọ́n, ó mọ iye tó pọ̀ jù, ó sì mọ iye tó ṣe iṣẹ́. Triphala náà lè gba ọ̀nà yìí kọjá lọ́jọ́ kan. Kò tíì gbà á.

Ewu wà nínú ìgò mìíràn tí kì í ṣe ewé. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ oògùn Ayurveda tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, 193 ni wọ́n. Nínú bíi ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n ti rí òjé, mẹ́kúrì tàbí arsenic. Àwọn oògùn tí wọ́n fi irin lọ̀ wà nínú àṣà ìṣègùn wọn. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sun ún mú kí ó di ohun rere. Kíndìnrín kò mọ àṣà. Bí mo bá sì ní kí n sọ ohun tó ń fọ́ ojú àwọn ọ̀dọ́ níwájú mi jù, kì í ṣe ohun tó ti Íńdíà wá rárá. Oògùn kíkán tó ní dexamethasone tàbí betamethasone ni, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà fún ọmọ tó ní Àpólò tàbí tí ojú ń yún. Ó ń mú ojú fúyẹ́ láàárín ọjọ́ kan, ìyá á sì rà á títí ọmọ á fi wọ yunifásítì. Oògùn yìí a máa gbé ìfúnpá ojú ga, ó sì máa ń ba iṣan jẹ́ bí gúlókómà gan-an. Ti ìtọ̀ àti omi ọmú tí wọ́n ń kán sójú, mi ò ní sọ púpọ̀: ẹ má ṣe é.

Ẹ̀bùn tí Íńdíà fún wa lóòótọ́ lórí gúlókómà wà ní Madurai. Dókítà Govindappa Venkataswamy fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àrùn oríkèé ti ká ìka rẹ̀ kò láti ìgbà ọ̀dọ́, ó sì dá ilé ìwòsàn ojú Aravind sílẹ̀ ní 1976 pẹ̀lú ibùsùn 11. Àwọn tó lówó ń san, àwọn tí kò ní kì í san, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe fún wọn. Ní 1992 wọ́n dá ilé iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀ kí wọ́n lè máa fọwọ́ ara wọn ṣe ohun èlò ojú tó dínwó. Wọ́n ń ṣe oògùn kíkán níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín tí a ń fi sínú ojú kí omi lè rí ọ̀nà jáde nígbà tí iṣẹ́ abẹ mìíràn kò bá ràn án. Ẹni tó bá fẹ́ oògùn Íńdíà, èyí ni kó béèrè.

Oògùn kíkán ní ìṣòro tirẹ̀. Èèyàn á máa kán an lálaalẹ́ títí ayé, owó á máa jáde, kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí pé iṣẹ́ oògùn náà ni pé kí nǹkan má yí padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í sílẹ̀ láàárín ọdún kan, mi ò sì bá wọn jà. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí ńlá kan ní Sweden fi hàn pé gbogbo ẹyọ kan tí ìfúnpá bá fi wálẹ̀ ń dín ewu kí ó máa burú sí i kù bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ kán timolol, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oògùn kíkán yìí, láìjẹ́ kí dókítà mọ̀. Lésà tún wà. Ní Tanzania, níbi tí àwọn aláìsàn dúdú bíi tiwa wà, ìwádìí tó jáde ní 2021 fi lésà wé timolol. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí lésà ṣiṣẹ́ fún tó ìlọ́po méjì àwọn tí timolol ṣiṣẹ́ fún. Iṣẹ́ abẹ, èyí tí àwọn èèyàn ń sá fún jù, ni ipa rẹ̀ sì máa ń pẹ́ jù. Òkìkí tó ń lọ pé ó ń fọ́ ojú ti wá láti ara àwọn tó dúró títí ojú fi kù díẹ̀ kí ó tán kí wọ́n tó gbà. Wọ́n retí pé kí ó dá ohun tó ti lọ padà.

Láàárín 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn àgbàlagbà wò káàkiri gbogbo Nàìjíríà. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti pé ọdún 40, bíi márùn-ún ló ní gúlókómà. Nínú àwọn tó ní in, kò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú márùn-ún sì ti fọ́jú. Àwọn Ìgbò àti Yorùbá ló wà nínú àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù. Bí ẹ bá ti pé 40, ẹ lọ kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú yín, kí wọ́n wo iṣan ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà náà sílẹ̀ sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti ní gúlókómà, ẹ pe àwọn ọmọ ìyá yín lórí fóònù lónìí, nítorí pé àwọn ni ewu rẹ̀ súnmọ́ jù lẹ́yìn yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má dúró de ìgbà tí ojú bá dùn wọ́n.